Gẹ̀ẹ́sì Tí Mo Kọ́ Nítorí Búrẹ́dì

Àwọn ọmọ ìwòyí a máa da Gẹ̀ẹ́sì òwò sẹ́nu bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ọmọ tí kò tíì ta abẹ́rẹ́ rí á ní òun ní bísínẹ́ẹ̀sì, òun ní kọ́sítọ́mà, òun ń wá pátínà. Bí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń pòṣé. Wọ́n rò pé arúgbó tí kò mọ nǹkan kan ni mí. Mo ti mọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kí a tó bí ìyá wọn. Ìtàjí, ìlú wa ní Èkìtì, ni mo ti kọ́ wọn, ní ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, kò sì sí ohun tí mo kọ́ láyé mi tó ba ayé mi jẹ́ tó wọn.

Búrẹ́dì ni èmi àti ọkọ mi ń ṣe. Èkó ni ọkọ mi ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ó le bí ojú ẹja. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń pọn ọmọ kejì nígbà tí èmi ṣì wà nílé bàbá mi, tí mo ń retí rẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí n fẹ́ ẹlòmíràn. Mo kọ̀. Nígbà tó dé, ó gbé mi níyàwó, ó sì fi amọ̀ mọ ààrò búrẹ́dì sí ẹ̀yìnkùlé, rògòdò bí ilé ọ̀gán, ẹnu rẹ̀ kékeré.

Ẹmu ọ̀pẹ ni a fi ń mú fúláwà wú. Yíìsì inú agolo kì í dé ọ̀dọ̀ wa déédéé, ṣùgbọ́n ẹlẹ́mu ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lójoojúmọ́. Ọkọ mi á fi ẹmu po fúláwà ní ìrọ̀lẹ́, á fi àpò tí mo ti fọ̀ bò ó. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti wú. Òun á dáná sínú ààrò títí inú rẹ̀ á fi gbóná janjan, á wọ́ ẹyin iná síta, èmi á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù nu inú rẹ̀, a ó sì ti àwọn agolo búrẹ́dì wọlé. Bí òórùn rẹ̀ bá ti tàn dé ojú títì, àwọn èèyàn ti ń dé nìyẹn: àwọn tíṣà, àwọn awakọ̀, àwọn tó fẹ́ lọ wo aláìsàn ní ọsibítù Ìdó, àwọn ìyá ìjọ tó fẹ́ kí àlejò wọn rí nǹkan fi mu tíì. Àwọn kan ń ti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu wá. Mo sọ òtítọ́ fún yín báyìí nítorí ó ti pẹ́: búrẹ́dì wa kì í kù. Ká tó jẹun àárọ̀, pẹpẹ ti ṣófo.

Ṣùgbọ́n ìlú tó ń jẹ iyán ni ìlú wa. Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ lójú wọn, ohun ìpanu ni. Bí a bá ṣe é ju bí a ti ń ṣe é lọ, kò sí ẹni tí yóò jẹ ìyókù, ọkọ mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó padà wá, òun yóò fi í ṣe olórí àwọn tó ń po fúláwà. Ó jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lọ́jọ́ kan, ó ní:

"Ùyàwó mi, uṣẹ́ yìí dára, àmọ́ ùlú yìí kéré sí i. Bí kò bá gbòòrò sí i kí òjò tó dé, mo máa padà s'Ékòó."

Mo bi í pé ṣé èmi náà yóò bá a lọ. Ó ní orí àpò fúláwà ni àwọn ń sùn níbẹ̀, kì í ṣe ibi tí a ń mú obìnrin lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan, ó padà. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbọ́n mi ń wojú ọ̀nà títí dọjọ́ ikú rẹ̀. Èmi ti dúró de ọkùnrin yìí nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge. Mi ò lágbára àtidúró dè é mọ́. Ohun tí mo ń wá ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ju kí ọkọ mi má lọ.

Ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe ọ̀nà dé. Wọ́n fẹ́ da ọ̀dà sí ọ̀nà wa, wọ́n sì pa kámpù sí ìhà Ọ̀yẹ́, òyìnbó kan ni mánéjà wọn. Àwọn lébìrà pọ̀ níbẹ̀ bí eéran. Akọ̀wé kan wà lọ́dọ̀ òyìnbó náà, ọmọ Èkìtì bíi tiwa, tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi. Òun ló sọ fún wa pé ọ̀nà jíjìn ni búrẹ́dì àwọn lébìrà ti ń wá, ó sì máa ń ti bu kí ó tó dé, pé mánéjà ń wá ẹni ìtòsí tí yóò máa gbé e wá láràárọ̀.

Ọkọ mi fò dìde. Ó yí po ààrò lẹ́ẹ̀mejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọwọ́ òun bá tẹ èyí, kí ni òun tún ń wá lọ s'Ékòó? Kí ẹ wá wo bí inú mi ṣe dùn.

Akọ̀wé náà ní òun lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa bí òyìnbó bá dé. Ọkọ mi dúpẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí akọ̀wé lọ tán, ó mi orí. Ó ti rí àwọn ògbifọ̀ ní Èkó. Ó ní ògbifọ̀ a máa jẹ nínú ọ̀rọ̀ bí eku ṣe ń jẹ nínú iṣu. Èyí tó bá wù ú ni yóò kù sílẹ̀ fún ọ. Òun fúnra rẹ̀ sì ń kólòlò bí ó bá dé iwájú ẹni ńlá. Ló bá ní èmi ni kí n lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì òwò, kí a lè fi ẹnu ara wa bá òyìnbó sọ ọ̀rọ̀ ara wa.

Tíṣà ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ilé ìwé ìjọ. Mo máa ń gbé búrẹ́dì lọ fún un ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, ó sì máa ń kọ́ mi lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó ní bísínẹ́ẹ̀sì ni òwò. Kápítà ni owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Kọ́sítọ́mà ni oníbàárà, ẹni tó ń rà lọ́wọ́ rẹ tí kì í fi ọ́ sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Púrófíìtì ni èrè, láàsì sì ni àdánù. Sọ́púláì ni kí o máa gbé ọjà lọ bá ẹni tó fẹ́ ẹ, ní àsìkò tó fẹ́ ẹ. Kọ́ńtíráàtì ni àdéhùn tí a fọwọ́ sí, tí ẹnìkan kò lè dà.

Èyí tó wù mí jù ni kọ́ńtíráàtì. Ó dún lẹ́nu bí ìgbà tí a bá ti ilẹ̀kùn tí a sì fi ìdábùú sí i. Mo ń wí i bí mo bá ń fọ agolo, mo ń wí i bí mo bá ń fẹ́ iná. Ọkọ mi á fi ohùn òyìnbó bi mí láti ẹnu ààrò pé kí ni kápítà, èmi á dáhùn, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Àwọn aládùúgbò ní ṣé orí wa pé. Ó ń dùn mí títí di òní pé inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Tíṣà kọ́ mi ní ọ̀rọ̀, kò sì fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Kò kọ́ mi ní ìwà tó ń bá ọ̀rọ̀ náà rìn. N kò dá a lẹ́bi. Òun náà, ta ni ó kọ́ ọ?

Nígbà tí a gbọ́ pé òyìnbó ń bọ̀, a tún ilé ṣe bí ìgbà tí àna bá ń bọ̀. Mo gbá ẹ̀yìnkùlé, mo fọ́n omi sí i. Ọkọ mi kó gbogbo àpò fúláwà wọ inú yàrá, ó fi ẹní bò wọ́n. Búrẹ́dì tí a yan láàárọ̀ ọjọ́ náà, a kó o pamọ́ pẹ̀lú, a fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú àwo fún àlejò. Bóyá ẹ ó bi mí pé èéṣe. Ta ni ó ń tú ọrùn àpò rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tí kò mọ̀ rí ba lè kà á? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a kì í sì í ka ọjà fún ọlọ́jà. Ẹni tí ojú bá pọ̀ lára ọjà rẹ̀, ojú yẹn yóò jẹ ẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ wa.

Òyìnbó dé pẹ̀lú akọ̀wé. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, oòrùn ti sun orúnkún rẹ̀ pọ́n bí epo. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo sọ fún akọ̀wé pé kí ó má ṣe ìyọnu, èmi fúnra mi yóò sọ̀rọ̀. Ó wò mí, ẹnu yà á. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́ pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi ara balẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè gbọ́, mo sì gbọ́ ọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí tíṣà kọ́ mi ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó bi mí pé ṣé kọ́sítọ́mà wa pọ̀.

Mo tẹrí ba. Mo ní, "Nó, sà. Nó kọ́sítọ́mà."

Ó bi mí nípa púrófíìtì.

Mo ní, "Nó púrófíìtì, sà. Ónlí Gọ́dù."

Ó wo pẹpẹ wa tó ṣófo. Ó bi mí pé bí òun bá fún wa ní kọ́ńtíráàtì, ṣé a lè sọ́púláì búrẹ́dì fún gbogbo lébìrà òun ní ojoojúmọ́, láìyẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè nìyẹn. Mo ní, "Ìfù Gọ́dù àgírì, sà."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ gbọ́ mi. Kí ni mo sọ tí kò dára? Bí ẹnìkan bá kí yín lọ́jà pé ṣé ó ń tà, ẹ ó ha ní ó ń tà wàràwàrà bí? Ẹ ó ní a ń wò ó o. Ẹ ó ní kò tà, ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run. Ẹni tó bi yín á ní á tà, yóò sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọjà yín ń tà. Bí ẹnìkan bá sì bi yín nípa ọ̀la, ṣé ẹ ó gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe ni? Ẹni tó bá ní òun kò ní í yẹ̀, òun ni à ń bẹ̀rù, nítorí kò mọ̀ pé èèyàn ni òun.

Ọkọ mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Akọ̀wé la ẹnu, ó fẹ́ wí nǹkan kan. Mo wò ó lójú kọ́rọ́, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Òyìnbó jẹ búrẹ́dì náà, ó ní ó dára gan-an. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fẹ́ san owó rẹ̀. Àwa méjèèjì kígbe pé rárá o, àlejò kì í rà níbi tó bá yà sí. Ó tún na owó náà sí wa, a tún kọ̀ ọ́. A wá gbé àkùkọ kan lé akọ̀wé lọ́wọ́ pé kí ó bá òyìnbó gbé e lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a gún iyán. Ọkọ mi fi ẹran tirẹ̀ sínú àwo mi, èyí tí kò ṣe rí. Ó ní, "O ṣe bí ọmọ tí a kọ́ nulé. Ojú ò tì mí rárá." Mo rò pé mo ti dè é mọ́lẹ̀ sọ́dọ̀ mi títí láé.

A dúró, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ mi ra fúláwà kún fúláwà. Ó ní òyìnbó kì í kánjú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbé búrẹ́dì jáde nígbà tí ọkọ̀ kan tí a kò rí rí yọ láti ìhà kámpù. Àwòrán búrẹ́dì wà lára rẹ̀, ó sì tóbi. Láti Adó ló ti ń bọ̀. Ó gba Ìfàkì àti Ọ̀yẹ́ kọjá, ó sì tún rìn dé iwájú ilé wa kí ó tó mọ̀ pé òun ti kọjá kámpù, ló bá yí orí padà. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, fúláwà funfun ní apá rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgúnpá.

Akọ̀wé ló wá ṣàlàyé fún wa. Kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ ti ṣe é. Òyìnbó ní búrẹ́dì yín dùn ju ti Adó lọ. Àmọ́ ó ní ẹni tí ò ní kọ́sítọ́mà, tí ò jèrè, tí ò ní fúláwà nulé, tí ò mọ̀ bóyá òun á lè ṣe é, tí ò tún gbowó ọjà ẹ̀, báwo lòun ṣe máa gbé ikùn àwọn lébìrà òun lé e lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ìwọ kì í ṣe ọmọ wa ni? O ò lè sọ fún un pé ùwà wa nìyẹn?"

Ó ní, "Mo sọ fún un. Ó ní kí ni mo ń túmọ̀? Ó ní ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún òun fúnra yín, ó sì yé òun. Bó ṣe pé ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ ni, èmi mọ bí mo ṣe máa yí i."

Mo jókòó sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ká ní mo jẹ́ òpè ni, ká ní mi ò mọ kọ́sítọ́mà yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́, akọ̀wé ì bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ì bá fi èyí tó yẹ létí òyìnbó rọ́pò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ló pa wá. Mo fi ẹsẹ̀ rin lọ sí kámpù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, láìwé gèlè. Mo bá òyìnbó lábẹ́ àgọ́ rẹ̀, mo sì sọ ohun tí ìyá mi ì bá gbá mi lẹ́nu fún: mo ní mó kọ́sítọ́mà, sà, mó púrófíìtì, plẹ́ńtì, plẹ́ńtì. Mo ní fúláwà wa kún yàrá. Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ní ọjọ́ kìíní ó kà mí sí olóòótọ́ tó jẹ́ tálákà, ní báyìí ó kà mí sí òpùrọ́. Ó ní àwọn ti fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì pẹ̀lú ará Adó. Ọ̀rọ̀ tó wù mí yẹn, òun ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta.

Bí ó bá mọ níbẹ̀ ni, a ì bá ṣì mí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Adó kì í kó gbogbo búrẹ́dì rẹ̀ tán ní kámpù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìyókù lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń pò ó, ó fẹ́lẹ́, ó funfun, ó sì pọ́ọ́kú ju tiwa lọ. Àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ lọ. Àwọn tíṣà tẹ̀ lé wọn, títí kan èyí tó kọ́ mi. Ó máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kí ojú wa má baà kò. Búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í bu lórí pẹpẹ wa. Kòkòrò wọ inú fúláwà tí ọkọ mi ti kó jọ. Ohun tí mo fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì sọ fún òyìnbó wá di òtítọ́ pọ́ńbélé: kò sí oníbàárà, kò sí èrè. Bí wọ́n bá kí mi lọ́jà, n kò mọ ohun tí mo lè fi dáhùn mọ́.

Àwọn aládùúgbò wá kí wa. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo ní kí wọ́n má bínú, agbè náà ti fọ́, àwọn ni wọn kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo di ẹlẹ́nu burúkú nígbà náà, n kò sì tíì fi í sílẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ wó ẹ̀gbẹ́ kan ààrò. Ọkọ mi kò tún un mọ. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpò fúláwà òfìfo, ó sì bọ́ sí ojú títì láàárọ̀ láti lọ s'Ékòó, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tó ń padà sí Adó ní wákàtí yẹn àfi ọkọ̀ búrẹ́dì. Ọkọ̀ náà dúró fún un. Ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó jókòó láàárín àwọn pátákó òfìfo tí wọ́n fi ń to búrẹ́dì, mo sì ń gbọ́ òórùn búrẹ́dì gbígbóná láti inú rẹ̀.

Mo di etí ọkọ̀ náà mú. Mo ní, "Ẹ bá mi wí kí ẹ tó lọ. Èmi ni mo fà á. Ẹ bú mi."

Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. Kò kólòlò rárá. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ bú ọ sí? Ohun tó o sọ yẹn, bó ṣe èmi lòyìnbó bi, òun náà ni ǹ bá sọ."

Ọkọ̀ ṣí. Kò padà wá mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ẹni tí mo lè bínú sí, n kò rí.